Ìwé Ìgbéyàwó àti Ìwé Ìgbélùú: Ìbéèrè Kan Ṣoṣo Tí Amẹ́ríkà Ń Bèèrè

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ, àbúrò tàbí ọkọ ní Amẹ́ríkà.

Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí irú ìbéèrè yìí má wọlé: "Pásítọ̀, físà mi ti kú láti bí ọdún mẹ́rin. Mo ti rí ẹni tí a fẹ́ fẹ́ra wa, sítísìn ni. Ṣé mo ṣì lè gba pépà? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Àwọn mìíràn kì í bèèrè nǹkan kan. Tiwọn ni pé: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ lẹ́tà pé tọkọtaya ni wá nínú ìjọ yín." Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra létí, àmọ́ wọ́n jìnnà síra gan-an.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé lọ́yà ni mí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Tí ẹ bá mọ bí òfin yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó gba kọjá, ẹ máa rí i pé láti ọjọ́ yìí wá, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tún bèèrè: ṣé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ gbé pọ̀ lóòótọ́, tàbí ẹ kàn fẹ́ gba ìwé?

Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ rántí Rúùtù. Ará Móábù ni, àlejò pátápátá ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ìgbéyàwó ló sọ ọ́ di ọmọ ilé. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Bóásì ṣe: kò gbé e gba ẹ̀yìnkùlé. Ó lọ jókòó lẹ́nu ibodè ìlú, ó pe àgbà mẹ́wàá, ó sì sọ ọ́ ní gbangba kí gbogbo ayé lè jẹ́rìí. Tí ìgbéyàwó bá máa sọ àlejò di onílé, ìlú ní ẹ̀tọ́ láti wá ẹlẹ́rìí. Ohun tí Amẹ́ríkà náà ń ṣe nìyẹn, fọ́ọ̀mù ni tiwọn fi ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ìtàn.

Ní 1855, wọ́n ṣe òfin kan ní Amẹ́ríkà pé obìnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọkùnrin tó jẹ́ sítísìn di sítísìn lójú ẹsẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí íńtáfíù. Ó dùn létí, àbí? Ẹ dúró ná. Ní 1907, wọ́n yí i sódì: obìnrin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó bá fẹ́ àjèjì, di ará ìlú ọkọ rẹ̀, ó sì pàdánù ti Amẹ́ríkà. Obìnrin kan wà ní Kalifọ́níà tó ń jẹ́ Ethel Mackenzie. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ń gbé, àmọ́ ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Skọ́tíláńdì. Nígbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìlú mọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1915, wọ́n dá a lẹ́bi. Obìnrin tí kò kúrò nílé di àlejò nílé bàbá rẹ̀.

Ọdún 1922 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Cable Act wá ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Láti ìgbà náà, ìgbéyàwó nìkan kò sọ obìnrin di sítísìn mọ́. Ó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni, òun fúnra rẹ̀ ló máa rìn wọlé. Ẹ di èyí mú dáadáa, nítorí àwọn kan ṣì rò pé bí wọ́n bá ti ṣe kọ́ọ̀tù tán, ó parí. Kò parí o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní 1924, Amẹ́ríkà fi iye lé àwọn tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ wọ́n yọ aya sítísìn kúrò nínú iye náà. Àwọn ọkọ kò rí àǹfààní yẹn lọ́gbọọgba títí di 1952. Ìṣòro wá wà níbì kan: ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìní ìwé ìgbélùú ńkọ́? Ó ní láti jáde lọ gba físà lẹ́yìn odi. Láti 1935, wọ́n ṣe ètò kan fún irú wọn: àjọ ìwọlé-wọ̀de á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò, wọ́n á wá sọdá sí Kánádà, wọ́n á gba físà níbẹ̀, wọ́n á sì padà wọlé. Ẹ wo wàhálà! Kéèyàn jáde nílé kó tó lè wọ ilé.

Òfin ńlá ti 1952 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí èèyàn jókòó síbi tó wà, kó sì ti ibẹ̀ yí ipò rẹ̀ padà di onígbèélùú. Abala 245 ni wọ́n kọ ọ́ sí, òun náà sì ni wọ́n ń lò títí dòní. Nígbà yẹn, ó le: físà ẹni ò gbọdọ̀ tíì kú. Ní 1960, wọ́n ṣí i gbòòrò. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé kí èèyàn ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí ọ́fíísà ti rí i kó sì gbà á wọlé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá físà wọlé ní pápákọ̀ òfurufú fi ní ọ̀nà tí ẹni tó gba inú igbó wọlé kò ní. Ní 1965, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin mìíràn tó sọ pé ọkọ, aya, àwọn ọmọ kéékèèké àti òbí sítísìn kò ní sí lábẹ́ iye kankan. Wọn kì í tò sórí ìlà ọlọ́dún mẹ́wàá.

Ibi tó kan àwọn tí físà wọn ti kú rèé o, ẹ gbọ́. Ní 1976, wọ́n ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìní ìwé iṣẹ́ kò lè gba abala 245 mọ́. Ní 1986, wọ́n fi kún un pé ẹni tó jẹ́ kí físà rẹ̀ kú náà kò lè gbà á. Àmọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, wọ́n yọ àwọn ará ilé sítísìn wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ìdí rèé tí ọmọ wa tó gba físà wọlé, tó dúró kọjá ọjọ́ tí wọ́n fún un, tó tiẹ̀ ti ṣiṣẹ́ sẹ́yìn, fi lè fẹ́ sítísìn, kó sì gba green card láìjáde nílẹ̀. Kì í ṣe àṣírí lọ́yà kan. Inú òfin ló wà.

Ta ni wọ́n ṣàánú fún? Ọ̀pọ̀ á sọ pé àlejò ni. Rárá. Sítísìn ni. Òfin wò ó pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹni yìí, a kò fẹ́ lé aya rẹ̀ lọ, a kò fẹ́ tú ilé rẹ̀ ká. Nítorí náà, sítísìn ló máa ń kọ́kọ́ kọ̀wé, fọ́ọ̀mù I-130, kó sọ pé "ẹni mi nìyí". Tìrẹ, I-485, ló ń tẹ̀ lé e. Àánú náà dá lórí ilé. Tí kò bá sí ilé níbẹ̀, kò sí ohun tí àánú máa dúró lé. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ onígreen card lásán, tí kì í ṣe sítísìn, kò sí lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ti ṣi èyí gbọ́, ó sì ti kó wọn sí yọ́ọ́yọ̀ọ́.

Irọ́ náà kò pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní 1945, wọ́n ṣe òfin kí àwọn sójà lè kó ìyàwó tí wọ́n fẹ́ lókè òkun wálé. Àwọn kan ṣètò ìgbéyàwó ní Páríìsì láàárín àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí àti àwọn tó ń wá ọ̀nà wọ Amẹ́ríkà. Wọ́n dé, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹjọ́ náà, Lutwak, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1953. Wọ́n jiyàn pé ìgbéyàwó náà bófin mu ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn adájọ́ ní ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè. Ṣé wọ́n ní in lọ́kàn láti máa gbé bí ọkọ àti aya? Wọn kò ní in lọ́kàn. Ẹ̀wọ̀n ni.

Ní 1975, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan tún sọ ọ́ yéni nínú ẹjọ́ Bark: ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣègbéyàwó ni kókó. Tí wọ́n bá ṣe é tinútinú, tí ìjà wá tú wọn ká lẹ́yìn náà, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di èrú. Ní 1976, ẹjọ́ Stokes ní New York ló fi ìlànà lélẹ̀ fún íńtáfíù tí wọ́n ti ń ya tọkọtaya sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ta ló ń kọ́kọ́ jí? Kí lẹ jẹ lálẹ́ àná? Ẹni tó ń gbé ilé kì í kọ́ ìdáhùn yẹn sórí.

Ọdún 1986 wá dé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí ọdún yẹn. Ní Nàìjíríà, ìjọba Babangida gbé SAP dé. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n pè ní SFEM. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọjà náà, dọ́là kan lé ní náírà 4, bẹ́ẹ̀ kò ju náírà kan àti díẹ̀ lọ ṣáájú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́ sí láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta wá rí i pé owó náà kò ra nǹkan kan mọ́. Padà sílé? Kí ló wà nílé? Ọ̀pọ̀ jókòó síbẹ̀, físà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn kan fẹ́ ìyàwó tòótọ́, wọ́n bímọ, wọ́n sì ń bẹ lára àwọn àgbà tó ń dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Àwọn kan sanwó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí òfin tó dojú kọ èrú ìgbéyàwó. Lọ́dún tó ṣáájú, Alan Nelson, ọ̀gá àjọ ìwọlé-wọ̀de, ti sọ fún àwọn aṣòfin pé nǹkan bí 30 nínú 100 irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ni èrú wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló hàn pé ìwádìí tí wọ́n gbé iye yẹn kà kò dúró dáadáa. Àmọ́ òfin ti jáde. Láti ìgbà náà, bí ìgbéyàwó kò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fún ọ ní green card, ti ọdún méjì péré ni wọ́n máa fún ọ. Láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú kó tó parí, ẹ̀yin méjèèjì á jọ kọ fọ́ọ̀mù I-751, ẹ ó sì fi hàn pé ilé ṣì dúró. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìgbéyàwó èrú lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5, kó sì san owó ìtanràn tó tó 250,000 dọ́là. Sítísìn tó gbowó wà nínú rẹ̀ náà o.

Èyí tó burú jù kò tiẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Òfin sọ pé ẹni tí wọ́n bá rí ẹ̀rí pé ó ti ṣe ìgbéyàwó èrú nítorí pépà, wọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kankan fún un mọ́. Títí ayé. Òfin 1986 sì fi kún un pé bí o kò bá tiẹ̀ rí nǹkan gbà níbẹ̀, bó bá jẹ́ pé o kàn gbìyànjú ni, ó ká ọ mọ́. Ẹ rò ó wò: arákùnrin kan sanwó fún ẹnì kan, kò bọ́ sí i. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó pàdé ẹni tí Ọlọ́run fún un, wọ́n fẹ́ra, wọ́n bímọ. Ìgbéyàwó kejì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Àmọ́ irọ́ àkọ́kọ́ ti ti ilẹ̀kùn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a.

Òfin ọdún méjì yẹn náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé. Àwọn kan wá ń fi pépà halẹ̀: "Bí o bá sọ̀rọ̀, mo máa pe Ìmígírésọ̀n." Wọ́n ń lu aya, wọ́n ń gbowó iṣẹ́ rẹ̀, ó ń pa á mọ́ra. Ní 1990, wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń lù lè dá I-751 rẹ̀ kọ. Ní 1994, òfin tí wọ́n ń pè ní VAWA jẹ́ kí ó lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìsí ìmọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà. Ọkùnrin náà lè lò ó. Arábìnrin, bó bá jẹ́ ìwọ ni mò ń bá wí, gbọ́ mi dáadáa: kò sí ìwé mímọ́ tó ní kó o kú sílé nítorí pépà. Òfin pàápàá kò ní kó o kú síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni opó: láti 2009, ikú ọkọ ṣáájú ọdún méjì kò fi dandan fọ́ ọ̀nà rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé láàárín ọdún méjì tí ọkọ náà kú.

Ó ku òfin 1996. Èyí ló ń pa wá lẹ́kún jù. Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí i, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ẹni tó bá dúró láìní àṣẹ ju 180 ọjọ́ lọ, tó wá jáde, kò ní wọlé fún ọdún 3. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10. Ẹ ṣàkíyèsí: ìjáde ló ń jẹ́ kí ìjìyà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó, tó gba ọ̀nà abala 245, kò tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ìyá kú nílé. Àkọ́bí ni. Wọ́n ní báwo ló ṣe máa ṣe é tí kò ní wá sin ìyá rẹ̀? Ó wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n sin ìyá tán, ó dé ẹ́ńbásì, wọ́n ní ó di ọdún mẹ́wàá. Ìyàwó àti ọmọ wà lọ́hùn-ún. Ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ wà, àmọ́ ó gùn, ó sì le. Ẹ̀yin ẹbí nílé, ẹ dákun, ẹ má fi òkú lé alààyè jáde. Kó tó gbéra, kó kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀.

Òfin 1996 kan náà sọ pé ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní sítísìn Amẹ́ríkà nígbà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àní lórí fọ́ọ̀mù iṣẹ́, ti di ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìgbéyàwó tòótọ́ kì í sábà rí i tún ṣe. Ìlà kékeré tó o fà sínú àpótí kan nítorí iṣẹ́ ilé ìtajà!

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ilé wa gan-an. Ábúráhámù bẹ̀rù ní Íjíbítì, ó pe aya rẹ̀ ní arábìnrin rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn sì bá ilé Fáráò. Lónìí, àwọn kan ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń pe ẹni tí kì í ṣe ìyàwó ní ìyàwó, wọ́n sì ń pe ìyàwó tó ń tọ́jú ọmọ wọn ní Òṣogbo ní àbúrò. Wọ́n á ní "ìdána lásán la ṣe, a ò ṣe kọ́ọ̀tù." Arákùnrin, Amẹ́ríkà ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tó bófin mu ní Nàìjíríà sí ìgbéyàwó. Bí o kò bá tíì tú u bó ṣe yẹ, ìyàwó méjì lo ní, èkejì kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tí ẹnì kan tẹ̀ fún ọ lẹ́yìn kọ́ọ̀tù? Èrú lórí èrú ni. Obìnrin tó ń fi sùúrù dúró dè ọ́ nílé kò mọ̀ pé o ti fi ìbúra sọ pé kò sí òun.

Ẹ̀yin sítísìn tí wọ́n ń fi owó bẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìwé onídùúró tí ẹ ń fọwọ́ sí, I-864, kì í tán lọ́jọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Ó wà lọ́rùn yín títí ẹni náà á fi di sítísìn tàbí tó máa fi ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Nípa lẹ́tà, ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi: àwa ni àgbà ẹnu ibodè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá mọ̀ yín, tí mo ti rí yín tí ẹ jọ ń wá sí ìjọ, tí mo dé ilé yín, máa kọ ọ́, máa fi orúkọ mi sí i, mi ò sì ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Tí mi ò bá mọ̀ yín bí tọkọtaya, mi ò ní kọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ìwọ lo ń san ìdámẹ́wàá jù nínú ìjọ. Ẹ̀rí èké ni. Kì í sì í ṣe orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀, lẹ́tà tòótọ́ tí mo kọ fún ẹlòmíràn náà á pàdánù iyì rẹ̀.

Ẹni tí físà rẹ̀ kú tó sì rí ẹni tirẹ̀, má gbé inú ẹ̀rù. Ọjọ́ tó o dúró kọjá kò sọ ìfẹ́ yín di irọ́. Lọ bá lọ́yà tó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe "bọ̀ọ̀dá tó mọ ọ̀nà". Sọ gbogbo òótọ́ fún un, àní èyí tó tì ọ́ lójú. Kó ẹ̀rí ilé yín jọ: ìwé ilé, owó-orí, fọ́tò, ìwé ìbí ọmọ. Má rìnrìn-àjò láìbéèrè. Òfin ń yí padà o: ní 2020, wọ́n dá físà ìgbélùú dúró fún ọmọ Nàìjíríà, nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní 2021, wọ́n fagi lé e. Ohun tí wọ́n sọ lọ́dún tó kọjá lè má jẹ́ ti ọdún yìí. Nítorí náà, béèrè ti òní.

Ẹni tí wọ́n sì ń bá dúnàádúrà ìgbéyàwó lọ́wọ́, tí kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, dúró. Ṣì dúró níbẹ̀. O kò tíì ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe.

Olúwa tó pa Rúùtù mọ́ nílẹ̀ àjèjì yóò pa ìwọ náà mọ́. Kò ní fi ilé ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn fún ọ. Yóò fún ọ ní ilé tó ṣeé jẹ́rìí sí ní gbangba, lórúkọ Jésù. Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe àmín, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó yẹ kó kà á.